Ngatirah àti Àwọn Dígí Tí Kò Wojú Ara Wọn

Ní Karangwatu, ìlú apẹja kan létí òkun, ẹni tó bá fẹ́ kí inú òun bàjẹ́ láàárọ̀ kò nílò wàhálà púpọ̀. Kó sáà gba ṣọ́ọ̀bù awò ojú lọ, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sá ẹja, kó ní kí Ngatirah bá òun tún awò òun ṣe. Obìnrin náà á gbé awò ọ̀hún sókè síbi ìmọ́lẹ̀, á wò ó títí, á wá yíjú sí ẹni tó ni ín.

"Ẹ̀yin lẹ jókòó lé e, àbí màlúù ni?"

Bó ṣe ń kí oníbàárà nìyẹn. Síbẹ̀ wọ́n ń wá, nítorí ní gbogbo etí òkun yẹn, kò sí ẹlòmíràn tí ọwọ́ rẹ̀ mọ gíláàsì bíi tirẹ̀.

Apẹja ló bí i. Ìwé mẹ́fà péré ló kà, nítorí pé ẹnu rẹ̀ àti etí tíṣà kò bára wọn gbé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí Koh Liong, ará Ṣáínà tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, gbà á pé kó wá máa gbálẹ̀. Kò pẹ́ tí ìgbálẹ̀ fi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí òkúta ìlọ-awò fi bọ́ sí i. Koh Liong kì í yin ènìyàn. Bí iṣẹ́ bá dára, á ní, "Hm." Bí kò bá dára, "Hm" yẹn náà ni á ní, ṣùgbọ́n á gbé ìpéǹpéjú sókè díẹ̀. Ogójì ọdún ni Ngatirah fi kọ́ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì, ó sì máa ń sọ pé àwọn tó lọ sí yunifásítì kò kọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tukijo ni ọkọ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń wà, èyí tí èrò ń jókòó síwájú tí awakọ̀ ń fẹsẹ̀ tì í láti ẹ̀yìn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Àwọn ará àdúgbò ní Ọlọ́run ló mọ bó ṣe pín in: ó fún aya ní ẹnu méjì, ó fún ọkọ ní etí mẹ́rin. Wening, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti lọ sílé ọkọ ní Surabaya, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe ara wọn nínú ilé, Ìyá Wening, Bàbá Wening, àfi tí ìjà bá dé.

Tukijo yìí ló mú ọ̀ràn wọlé. Wọ́n tú ọkọ̀ òkun àtijọ́ kan ní etíkun, ó bá wọn kó ẹrù níbẹ̀, ó sì gbé gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ méjì bọ̀, róbótó, tó nípọn bí àtàǹpàkò. Ó ní wọn yóò dára fún ọmọrí ìkòkò.

Ngatirah fi èékánná kan ọ̀kan. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Wening, bó o bá fi èyí bo ìkòkò, èmi náà á fi ìkòkò bo orí ẹ."

Ó ti pẹ́ tó ti rí àwòrán kan nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n fi wé ẹja gbígbẹ wá fún un. Òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí ṣòkòtò rẹ̀ gùn dé àyà, ó dúró ti páìpù gígùn kan, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ lọ dígí tó wà nínú awò awọ̀nàjíjìn náà, tó fi ń rí òkè inú òṣùpá. Ngatirah wo ṣòkòtò yẹn, ó ní bí ẹni tó ń múra báyìí bá lè ṣe é, kò lè le jù.

Ó le. Oṣù márùn-ún gbáko ló fi ń lọ gíláàsì kan lórí èkejì lẹ́yìn ilé ìdáná, pẹ̀lú omi àti ìyẹ̀fun òkúta. Bí a bá ń lọ̀ wọ́n báyìí, ti òkè á máa jìn nínú bí àwo ọbẹ̀, ti ìsàlẹ̀ á máa yọ ikùn. Aládùúgbò kan bi í léèrè bóyá ata ló ń lọ̀. Ó ní rárá, sùúrù ni, ṣùgbọ́n kò kúnná. Nígbà tó parí, Koh Liong fúnra rẹ̀ da fàdákà sójú rẹ̀, ó di dígí. Fún dígí kékeré tó yẹ kó wà lókè, Ngatirah tú ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan tó ti kú sí ọ́fíìsì ìjọba, ó yọ dígí inú rẹ̀. Ó ní ó kéré tán, nǹkan kan láti inú ọ́fíìsì yẹn yóò ṣiṣẹ́ níkẹyìn. Páìpù omi funfun gbọọrọ ló fi ṣe ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó tò ó pọ̀, òṣùpá ọ̀sán wà lójú ọ̀run, ó sì ṣe àṣìṣe kan tí kò ṣe rí: ó pe ènìyàn. Gbogbo àdúgbò tò sójú ọ̀nà. Ẹni àkọ́kọ́ wò ó, ó nu ojú rẹ̀, ó tún un wò. Ẹnìkejì wò ó, ó ní, "Ìyá Wening, ògì lẹ rò sínú páìpù yìí ni?"

Ngatirah tì í sẹ́yìn, ó wo inú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ohun funfun kan ló rí, ó ń ṣàn lọ sápá kan bí ògì tó dànù sórí tábìlì. Kò sí òkè, kò sí àfonífojì.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni Àlàájì Mustahal gbé alùpùpù rẹ̀ dé. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tó ń wo oṣù ààwẹ̀ fún gbogbo agbègbè náà, ọkùnrin tó sanra dáadáa, tí fìlà rẹ̀ máa ń funfun ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó nàró, ó fi ọwọ́ lu páìpù náà pẹ́pẹ́ bí ẹni ń lu ẹ̀yìn ẹṣin.

"Ìyá Wening, páìpù omi ni. Omi ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa gbé."

Ẹ̀rín yẹn pẹ́ nílẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá á bi Ngatirah bóyá omi ti yọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ti tú dígí ńlá kúrò nínú páìpù, ó ti po ìyẹ̀fun òkúta, ni Koh Liong yọ láti ẹ̀yìnkùlé.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ tún un lọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, Koh. Ó ti bàjẹ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo àdúgbò. Àlàájì pàápàá sọ ọ́."

"Wọ́n mọ̀ nípa dígí?"

"Wọ́n mọ̀ nípa ẹ̀rín."

Arúgbó náà gba dígí lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. "Hm." Ìpéǹpéjú rẹ̀ kò mì. Ngatirah ti àwo ìyẹ̀fun òkúta sápá kan.

"Dá a padà síbi tó wà," ni Koh Liong wí. "Dígí méjì ló wà nínú ilé yẹn. Èyí ńlá wà nísàlẹ̀, ó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, ó ń sọ ọ́ sókè. Èyí kékeré wà lókè, ó dà gẹ̀rẹ̀, ó ń gba ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún, ó ń darí rẹ̀ síta síbi tí ojú rẹ wà. Bí àwọn méjèèjì ò bá wojú ara wọn ńkọ́?"

"Bíi tọkọtaya tó ń jà."

"Ìwọ lo sọ ọ́ o."

Ó mú àgolo fíìmù kámẹ́rà kan, ó lu ihò bín-ín-tín sí àárín ìdí rẹ̀, ó tì í bọ ibi tí ojú ti ń wò. Ó tún mú òrùka bébà kékeré, irú èyí tí àwọn tíṣà máa ń lẹ̀ mọ́ ihò ìwé kó má baà ya, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín gbùngbùn dígí ńlá. Ngatirah lọgun pé ó ti ba dígí òun jẹ́.

"Àárín yẹn ò ṣiṣẹ́ kankan," ni arúgbó náà dáhùn. "Òjìji dígí kékeré ló máa ń wà lórí rẹ̀. Ó wà láàárín, gbogbo ènìyàn ń wò ó, kò ṣe nǹkan kan. Ìwọ náà mọ irú wọn. Wo inú ihò yẹn, kí lo rí?"

"Dígí kékeré ni. Ó rọ́ sápá kan. Mo rí díẹ̀ lára dígí ńlá nínú rẹ̀, bí ẹni ń yọjú wo àlejò. Òrùka yẹn wà létí lọ́hùn-ún, ó fẹ́ jábọ́."

"Kọ́kọ́ tún èyí kékeré ṣe, kó wà láàárín ojú rẹ, kí gbogbo dígí ńlá sì wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o tó fọwọ́ kan bóòtù mẹ́ta tó wà nídìí dígí ńlá. Má fi tẹ̀yìn ṣe síwájú."

Ó fi tẹ̀yìn ṣe síwájú. Odindi ọjọ́ méjì ló lò lórí bóòtù nígbà tí dígí kékeré ṣì ń wo ibòmíràn. Nígbà tó sì wá gbọ́ràn níkẹyìn, ìṣòro mìíràn dé: páìpù náà gùn ju apá rẹ̀ lọ. Bí ojú rẹ̀ bá wà nídìí ihò, ọwọ́ rẹ̀ kò dé ibi tí bóòtù wà. Ni wọ́n bá pe Tukijo.

"Bàbá Wening, yí ti òkè sápá ọ̀tún díẹ̀."

"Ọ̀tún tèmi àbí ọ̀tún tìẹ?"

"Ọ̀tún bóòtù!"

"Bóòtù náà ní ọ̀tún?"

"Bó o bá tún bi mí ní nǹkan kan, ọrùn ẹ ni màá yí."

"Kò burú. Sápá ọ̀tún àbí sápá òsì?"

Koh Liong jáde lọ síta. Wọ́n ní ọjọ́ yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Bóòtù kan á gbé òrùka bébà lọ sókè, èkejì á fà á sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀kẹta á gbé e lọ síbi tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, bí Tukijo ti ń rọra yí ti ìsàlẹ̀, òrùka náà yọ̀ wá, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó sì dúró yí ihò dúdú bín-ín-tín náà ká, bí òrùka ti ń dúró lára ìka.

"Dúró! Má mí!"

"Kí n má mí títí dìgbà wo?"

Ó yọ àgolo kúrò, ó fi gíláàsì kékeré tí ojú ń gbà wò rọ́pò rẹ̀, ó darí páìpù sí bọ́ọ̀lù idẹ tó wà lórí mọ́ṣáláṣí lókèèrè, tí oòrùn ń tàn lára rẹ̀. Lánàá, ìtànṣán yẹn ní ìrù, ó tẹ̀ kọdọrọ bí ìyẹ́ adìyẹ. Lónìí, ó di ẹyọ kan ṣoṣo, ó mú bí ẹnu abẹ́rẹ́. Nígbà tó yí i sí òṣùpá, òkè wà níbẹ̀, àfonífojì wà níbẹ̀, òjìji àwọn òkè náà sì gùn lórí ilẹ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló sún àyè fún. Tukijo wò ó títí.

"Hẹn-ẹn," ó ní. "Èmi rò pé ọ̀nà Karangwatu nìkan ló ní kòtò tó báyìí."

Ngatirah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bóyá ẹ̀rín nìkan kọ́ ló fa omi yẹn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bi í.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni ìjọba fún ìgbìmọ̀ Àlàájì Mustahal ní awò awọ̀nàjíjìn tuntun, aláwọ̀ funfun, tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n ṣe ayẹyẹ. Ènìyàn méje ló sọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wo inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, láàárín àpò símẹ́ńtì, wọ́n sì gba ọ̀nà tí mo ti sọ nípa kòtò rẹ̀ wá sílé alága. Ngatirah rí ọkọ̀ náà bó ṣe ń fò. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Dígí kì í ṣe àpò símẹ́ńtì.

Nígbà tí oṣù ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára, ó lọ sílé Àlàájì. Ó ti pinnu pé òun yóò sọ̀rọ̀ tútù.

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín wo inú awò yẹn. Ìrìn-àjò ti lè yẹ àwọn dígí rẹ̀."

Àlàájì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá Wening, ẹ ṣeun. Wọ́n fún wa ní tọ́ọ̀ṣì pàtàkì kan tó wà fún ìyẹn." Ó gbé tọ́ọ̀ṣì kékeré kan jáde, tó ń ta ìtànṣán pupa tín-ín-rín. Wọ́n ní bí a bá tì í bọ ibi tí ojú ti ń wò, ìtànṣán pupa náà á lọ bá òrùka àárín dígí, á padà wá, a ó sì mọ̀ bóyá gbogbo rẹ̀ tọ́. "Tọ́ọ̀ṣì yìí ti wò ó. Ó ní ó tọ́."

Ngatirah gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í bọ inú ife kan kó lè dúró, ó tanná rẹ̀ sára ògiri, ó sì ń yí i nínú ife náà díẹ̀díẹ̀. Bí tọ́ọ̀ṣì náà bá tọ́ lóòótọ́, ojú kan ni àmì pupa náà ì bá dúró sí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ń yí po lára ògiri bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn.

Ọ̀rọ̀ tútù tó gbé wá láti ilé tán síbẹ̀. "Àlàájì, ẹlẹ́rìí yín yìí, ó yẹ kí òun náà kọ́kọ́ wá ẹlẹ́rìí."

Ojú Àlàájì le. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún àníyàn rẹ̀, ó sì ní bó bá wù ú láti ran ìgbìmọ̀ lọ́wọ́, àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ràn omi atalẹ̀ gbígbóná lórí òkè.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Ṣaabáánì, oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀, pé. Láti ọ̀sán ni ènìyàn ti ń gun òkè kékeré tó yọ sínú òkun, níbi tí oòrùn ti ń wọ̀ sójú omi. Adájọ́ kóòtù ẹ̀sìn wá láti ìlú ńlá pẹ̀lú ìwé àti òǹtẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí awò ojú rẹ̀ ń yọ́ bọ́ sórí imú ní gbogbo ìgbà. Bí ẹnikẹ́ni bá rí oṣù, òun ni yóò mú un búra, tí yóò sì ránṣẹ́ sí olú-ìlú.

Ngatirah gbé omi atalẹ̀ wá bí wọ́n ṣe bẹ̀ ẹ́. Ó tún gbé páìpù wá, èyí tí wọn kò bẹ̀ ẹ́. Àga èrò nínú kẹ̀kẹ́ Tukijo ló tẹ́ ẹ sí, ó fi aṣọ ìró wé e bí aboyún, òun fúnra rẹ̀ sì ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń di ọrùn rẹ̀ mú ní gbogbo kòtò. Nígbà tó dé òkè, ó tún fi àgolo wò ó, ó ní kí Tukijo yí bóòtù kan díẹ̀, ó sì jókòó.

"Ìyá Wening," Àlàájì pè é láti ibi tó dúró sí, níwájú gbogbo ènìyàn, "páìpù yẹn, ṣé fún omi atalẹ̀ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ngatirah bu omi atalẹ̀ sínú ife, ó gbé e fún Adájọ́, kò fèsì. Tukijo wò ó tìyanu-tìyanu, ó rò pé ara rẹ̀ kò yá.

Oòrùn wọ̀. Ojú ọ̀run pọ́n, ìkùukùu ya díẹ̀. Gbogbo ènìyàn na ọrùn sójú òkun. Àlàájì Mustahal tẹ̀ mọ́ awò funfun rẹ̀, ó ń yí i díẹ̀ sókè, díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ló bá kígbe:

"Allahu Akbar! Mo rí i! Oṣù ti lé!"

Òkè mì. Àwọn kan dì mọ́ra wọn, àwọn kan ti ń pe ilé lórí fóònù pé kí wọ́n gbé ìrẹsì sàárì kaná. Adájọ́ ṣí ìwé rẹ̀, ó ní kí Àlàájì bọ́ síwájú kó wá búra.

Ngatirah ti wo inú tirẹ̀. Oṣù kankan kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà lọ́gangan ibi tí Àlàájì dojú kọ ni ìràwọ̀ Àgùàlà, tó ti tètè jáde, kékeré, róbótó, tó mọ́ roro. Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ yẹn, ajá dá jáde, alága ìgbìmọ̀ sì kí i bí olówó rẹ̀.

Ó dìde. "Adájọ́, ẹ jọ̀ọ́. Kí Àlàájì tó búra, ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan. Àlàájì, báwo ni oṣù náà ṣe rí?"

"Ó tẹ̀ kọdọrọ! Báwo ni oṣù ṣe ń rí?"

"Ó ní ìrù díẹ̀ lápá kan, bí ìyẹ́ adìyẹ?"

Àlàájì ṣiyèméjì. "Ó... ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣeun. Ẹ yí awò yín sí ọkọ̀ apẹja yẹn, èyí tó tanná nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún."

"Kí ni ọkọ̀ apẹja fẹ́ ṣe nínú ọ̀rọ̀ ààwẹ̀?"

Ṣùgbọ́n Adájọ́ ti súnmọ́ tòsí. Òun fúnra rẹ̀ yí awò funfun náà sí ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ ọ̀hún, ó ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó yí i sí ọkọ̀ kejì. Ó yí i sí ẹ̀kẹta.

"Kí lẹ rí, Adájọ́?" Ngatirah béèrè.

"Oṣù," ni Adájọ́ wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Oṣù ni gbogbo wọn."

"Mẹ́rin ti lé nìyẹn. Mẹ́ta nínú wọn ń pa ẹja. Ààwẹ̀ mélòó la máa gbà lọ́dún yìí, ṣé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la máa gbà pọ̀ ni?"

Ẹ̀rín bú. Àwọn kan jókòó sílẹ̀. Adájọ́ wá wo inú páìpù omi: Àgùàlà wà níbẹ̀ róbótó; fìtílà apẹja jẹ́ fìtílà, ó tún rí ọwọ́ ọkùnrin tó ń fa àwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó sì kọ ọ́ pé ní Karangwatu, wọn kò rí oṣù. Wọ́n ka oṣù Ṣaabáánì pé ọgbọ̀n ọjọ́, ààwẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́túnla, bó ṣe rí káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ẹ ó rò pé wọ́n gbé Ngatirah gẹ̀gẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n gbé e. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn, wọ́n rántí pé Àlàájì ló ń ran àwọn ọmọ aláìníbaba lọ́wọ́ tọdúntọdún, pé òun ló sìnkú ìyá ẹni báyìí, bàbá ẹni báyìí. Obìnrin wo ló ń fi àgbà ṣẹ̀sín bẹ́ẹ̀ lójú àlejò? Àwọn tí awò wọn bàjẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn so ó. Àlàájì fúnra rẹ̀ kò yọjú sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní ó ń wo ilẹ̀ nìkan.

"Òótọ́ ni mo sọ," Ngatirah sọ níbi oúnjẹ ìṣínu.

"Òótọ́ ni," Tukijo dáhùn. Ó mu kọfí rẹ̀ díẹ̀. "O ju òótọ́ yẹn bí ẹni ń ju òkúta ni. Mo rí i bó ṣe bà á."

"Ìgbà tí òun sọ ti páìpù omi ńkọ́?"

"Mo wà níbẹ̀. Àpá tìrẹ náà ṣì wà lójú, mo mọ̀ ọ́n." Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ni ọkùnrin yẹn ń sọ lọ́dún, èyí sì ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Ngatirah ṣa ẹran ara ẹja gbígbẹ jọ síwájú ọkọ rẹ̀, kò jẹ èyí tó kù.

Lọ́jọ́ kẹwàá ààwẹ̀, bí ilẹ̀ ṣe mọ́, Àlàájì Mustahal yọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó fi aṣọ ìró méjì wé awò funfun náà, ó ń wẹ̀yìn wò bí ẹni jí ewúrẹ́ gbé.

"Ìyá Wening," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́."

Ọ̀rọ̀ mẹ́tàdínlógún ló wá sẹ́nu Ngatirah. Ó gbé gbogbo wọn mì. Ààwẹ̀ ni, kò sì mọ̀ bóyá ó ti bà á jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fa àga, ó mú àgolo fíìmù rẹ̀. Kò bá a tún un ṣe; ó ní kí Àlàájì fúnra rẹ̀ wo inú ihò náà, kó sì sọ ohun tó rí.

"Mi ò rí òrùka kankan."

"Ó wà níbẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ó funfun, ó wà lápá òsì."

"Kùrukùru nìkan ni mo ń rí, Ìyá Wening."

Ngatirah wò ó. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú bí ẹni mú ọmọdé, ó yí ojú rẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ní àárín ẹyinjú kọ̀ọ̀kan, níbi tó yẹ kó dúdú, ó funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Ogójì ọdún ló ti ń wo ojú ènìyàn. Ó tú u sílẹ̀.

"Láti ìgbà wo ni kùrukùru yìí?"

Àlàájì jókòó, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi sórí orúnkún. "Ó ti pẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gun òkè yẹn, ọdún mọ́kànlá, mi ò tíì rí oṣù yẹn rí, èmi alága. Àwọn ẹlòmíràn á ní àwọn ti rí i, èmi náà á ní hẹn-ẹn. Lọ́jọ́ yẹn, mo rí ìmọ́lẹ̀ kan tó tẹ̀." Ó yí fìlà náà po lórí orúnkún. "Inú mi dùn, Ìyá Wening. Mi ò purọ́. Inú mi dùn ni."

Ngatirah gbé àgolo fíìmù sílẹ̀. Ó lọ kọ lẹ́tà sí dókítà ojú ní ìlú ńlá, ó kọ ohun tó rí sínú rẹ̀, ó sì ní òun kò ní fọwọ́ kan awò funfun yẹn títí wọn yóò fi fọwọ́ kan ojú ẹni tó ni ín.

"Ṣé wọ́n máa gé ojú mi ni?"

"Wọ́n á ṣí fèrèsé tó dọ̀tí ni, wọ́n á fi tuntun sí i. Ẹ má bẹ̀rù. Àwọn yẹn kì í gbé nǹkan sáàárín àpò símẹ́ńtì."

Wọ́n ṣe ojú kan lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, wọ́n ṣe èkejì ní oṣù kẹta sí i. Nígbà tí Àlàájì padà dé, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó wo Ngatirah fínnífínní, ó ní òun kò mọ̀ pé ó ti hu ewú tó bẹ́ẹ̀. Ngatirah ní, "Ẹ̀yin lẹ fa ìdajì rẹ̀." Ọ̀sán mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ bí a ṣe ń mú dígí méjì wojú ara wọn, Àlàájì ní ìdí ihò, Tukijo ní ìdí bóòtù. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Àlàájì mọ́ ju ti Ngatirah lọ. Koh Liong wò ó lọ́jọ́ kan, ó ní "Hm" tó dára, ó sì dun obìnrin náà wọra.

Lọ́dún kejì, Àlàájì gbé awò funfun náà gun òkè lórí itan ara rẹ̀, nínú kẹ̀kẹ́ Tukijo, kò jẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù kankan fọwọ́ kàn án. Orúkọ Ngatirah wà nínú ìwé ìgbìmọ̀ báyìí, wọ́n kọ "Abala Ohun Mímu" síwájú rẹ̀, nítorí pé akọ̀wé ìgbìmọ̀ ní abala tó ṣófo nìyẹn. Láti aago mẹ́rin ni abala ohun mímu ti ń lọ láti ìdí awò kan sí ìdí awò kejì, ó ń fi àgolo yọjú, ó ń bú bóòtù.

Oòrùn wọ̀. Àlàájì tẹ̀ mọ́ awò rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò kígbe.

"Ìyá Wening. Ẹ wá wò ó. Ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹja ló ń pa."

Ó lọ wò ó. Oṣù náà tín-ín-rín bí irun, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ pupa, ìwo rẹ̀ méjèèjì sókè, kò ní ìrù kankan.

"Ẹ lọ búra," ó ní.

Wọ́n búra, wọ́n lu òǹtẹ̀, àwọn ènìyàn sáré sọ̀kalẹ̀ lọ kí ara wọn. Ìgbà tí ó ku àwọn mẹ́ta lórí òkè, tí wọ́n di awò méjèèjì mọ́ kẹ̀kẹ́, ṣéènì Tukijo já. Tukijo ní òun ti ń ronú pé yóò já láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ngatirah ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun. Àlàájì Mustahal ká apá ẹ̀wù funfun rẹ̀ sókè, ó bọ́ sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti, Ngatirah sì ń rìn níwájú, ó ń ka kòtò fún wọn: òsì, òsì, ọ̀tún, ẹ dúró, mo ní ọ̀tún.

"Ọ̀tún tiwa àbí ọ̀tún tiyín?" Àlàájì béèrè.